Àkísà Tó Ń Gbé Ohùn Mì

Dàda káfíńtà kì í gun òrùlé. Gbogbo Ìdèrè ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kan òrùlé á wá ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tàbí àga á wá sí ọ̀dọ̀ Dàda. Ọdún kejì tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀ ní kó gun àkàsọ̀ ilé kan ní Ayétẹ̀, kó lọ gba pákó lókè. Ó gùn ún dé ìdajì, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò lè gòkè, kò sì lè sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé ewúrẹ́.

Kì í kan pósí. Ajá ń bà á lẹ́rù, ọ̀kadà ń bà á lẹ́rù, àrá ń bà á lẹ́rù. Fágbèmí bàbá rẹ̀ wà nínú awo Orò. Nígbà tí ó tó àkókò kí wọ́n mú Dàda náà wọ igbó, ó sá lọ sí Ìgbó-Ọrà, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Wọn kò pè é mọ́. Láti ìgbà náà, bí Orò bá máa jáde, tí àwọn obìnrin bá ń wọlé, Dàda náà á wọlé. Á ti ilẹ̀kùn, á jókòó ti Hàlímọ̀ ìyàwó rẹ̀, wọn á jọ máa wo ara wọn títí yóò fi kọjá. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, kò tíì yí padà.

Àkíbù bíríkìlà kì í jẹ́ kí ó sinmi. Bí ó bá rí i lọ́nà, á ké láti òkèèrè:

"Káfíńtà orí ilẹ̀! Ṣé ilẹ̀ ò ga jù fún ọ lónìí?"

Dàda á ní: "Ó mọ níwọ̀n."

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ilẹ̀kùn Dàda ṣe yẹ̀yẹ́. Bí o bá tì í, bébà kò gba àárín rẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni Ṣẹ́gunfúnmi wá bá a. Ọmọ ìlú ni, ó lo ọdún mẹ́fà ní Ìbàdàn, ó sì gbé kọ̀ǹpútà kan àti máìkì kan bọ̀ wálé. Iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ni kí ó máa gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀: ìgbà tó yẹ kí a gbin àgbàdo, bí a ṣe ń mọ ẹ̀gẹ́ tó ní àrùn, bí ọjà gààrí ṣe rí ní Lánlátẹ̀. Yóò máa fi í ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ènìyàn àti sí rédíò. Ẹni tí yóò máa ka ọ̀rọ̀ náà ni Rùkáyàt, ọmọbìnrin Lánlátẹ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ohùn rẹ̀ dára. Kì í yára, kì í sì í fà.

Ilé tí Ṣẹ́gunfúnmi rí lò ni ilé tí bàbá rẹ̀ ń kó àgbàdo sí láyé àtijọ́. Ó dá dúró lẹ́bàá ọ̀nà odò. Yàrá kan ṣoṣo ni, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní gígùn, mẹ́wàá ní fífẹ̀, fèrèsé kan. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ògiri á dá ọ̀rọ̀ náà padà bíi pé inú kànga ni.

Ṣẹ́gunfúnmi pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún?"

"Mo gbọ́."

"Gbogbo ẹ̀ ló ń wọ inú máìkì. Ó yẹ kí ògiri máa mu ún ni."

"Ògiri kì í mu nǹkan."

"Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ kó mu ún, Bàbá."

Àwọn ènìyàn ti sọ fún un pé kí ó lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ bo ojú kan tán. Dàda pàtẹ́wọ́ níwájú ògiri tó ní páálí, ó pàtẹ́wọ́ níwájú èyí tí kò ní. Ìró kan náà ni. Ó fi ìka tẹ páálí náà, ìka wọ inú rẹ̀.

"Fẹ́lẹ́ ni," ló wí. "Ohùn ń gba inú rẹ̀ kọjá ni."

Ṣẹ́gunfúnmi fi fídíò hàn án lórí fóònù. Àwọn òyìnbó kan ń kan férémù onígi, wọ́n ń to òwú kan tí wọ́n fi òkúta ṣe sínú rẹ̀. Irú òwú bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ìdèrè, kò sì sí ní Ìgbó-Ọrà. Fóòmù wà, ṣùgbọ́n Dàda ti rí ibi tí fóòmù ti gbiná rí. Ó ní òun kò ní kàn án mọ́ yàrá tí ènìyàn máa wà nínú rẹ̀.

"Kí la máa wá fi ṣe é?"

Dàda tún pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rántí pé bí Hàlímọ̀ bá kó aṣọ tó fọ̀ jọ sí yàrá kékeré ilé àwọn, ohùn ènìyàn máa ń wálẹ̀ níbẹ̀.

"Àkísà," ló wí.

Hàlímọ̀ ló lọ ra á lọ́dọ̀ àwọn olókìrìkà Ìgbó-Ọrà: táwẹ̀lì tó ti já, bùláńkẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà òyìnbó tí kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ nínú oòrùn wa. Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ni. Ó fọ gbogbo rẹ̀, ó sá a, ó gé bọ́tìnnì àti síìpù ara rẹ̀ kúrò. Dàda kan férémù méjìlá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn, méjì ní fífẹ̀, ínṣì mẹ́rin ní jíjìn. Ó ká àkísà pẹlẹbẹ, ó ń tò ó léra bí ẹni to ìwé. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe, ó kì í le, ohùn ta padà lára rẹ̀. Ó tú u palẹ̀. Èkejì, ó tò ó dẹ̀. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta, àkísà sọ̀ sísàlẹ̀, òkè sófo. Ó tú òun náà. Ẹ̀kẹta ló fi na okùn ní ìbú lọ́nà mẹ́rin láti gbé àkísà dúró, ìyẹn sì dára. Ó fi àpò kòkó bo ojú wọn, ó fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn án. Ó fi káńfọ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan nítorí eku. Nígbà tó ń gbé wọn kọ́, kò jẹ́ kí wọ́n fara kan ògiri. Ó fi igi ínṣì méjì sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè wà níbẹ̀. Fídíò ló wí bẹ́ẹ̀. Dàda dán an wò lọ́nà méjèèjì, ó rí i pé fídíò kò purọ́.

Ṣùgbọ́n àkísà kò lè ṣe ju ohun tó lè ṣe lọ. Ó ń pa ìdáhùn ògiri. Kì í dá ariwo ìta dúró. Ọ̀kadà ń kọjá, ewúrẹ́ ń ké, máìkì ń gbọ́ wọn. Àkíbù wá fi bíríkì dí fèrèsé pa. Dàda kan ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, àyè ìṣísẹ̀ kan láàárín wọn. Ti ìta ló ṣiṣẹ́ lé lórí jù. Ìta ló ń ṣí sí. Ó gbẹ́ etí férémù rẹ̀ ní ìpele méjì bí àtẹ̀gùn, kí ilẹ̀kùn lè jókòó sínú rẹ̀. Ó gé túùbù ọ̀kadà, ó sì kàn án yí etí rẹ̀ ká, títí kan ìsàlẹ̀. Ó fi ọ̀pá ìdábùú sí i láti inú, kí ẹnikẹ́ni má baà já wọlé nígbà tí wọ́n bá ń gba ohùn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tó parí, Dàda nìkan wọ ibẹ̀ láti wo igun kan. Ilẹ̀kùn méjèèjì padé lẹ́yìn rẹ̀. Ó wúkọ́. Ikọ́ náà bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ohun tó ti kú. Ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló pè é láti inú agbárí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ nǹkan kan tó ń lù gbì, gbì, gbì. Ó bojú wẹ̀yìn. Àyà ara rẹ̀ ni. Ó sáré jáde, ó fi tépù ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé?" Ṣẹ́gunfúnmi bi í.

"Yàrá yẹn kò dáhùn."

"Ohun tí a ń wá kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni," Dàda wí. "Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí."

Àkíbù gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí yanrìn. "Ó se ọbẹ̀ tán, ó wá ń sá fún ẹran inú ẹ̀!"

Rùkáyàt fẹ́ràn yàrá náà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ọ̀kadà ń gbé e wá láti Lánlátẹ̀. Bí ó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Dàda, á kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Tàófíìk. Àwọn àkísà yín ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi o."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn kì í fèsì. Wọ́n gbọ́n ju ọkùnrin lọ."

Dàda á rẹ́rìn-ín. Ọmọ tirẹ̀ kan ṣoṣo, Tàófíìk, wà ní Ìbàdàn, kì í sì í sábà wálé.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹjọ ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, Rùkáyàt kọjá, ó ní ọ̀rọ̀ tí òun máa kà lónìí pọ̀, bóyá òun ò ní jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣẹ́gunfúnmi ṣílẹ̀kùn fún un, ó tan kọ̀ǹpútà, ó fi í sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sí Èrúwà láti lọ ra wáyà kan.

Ní aago mẹ́ta, agogo dún láàárín ìlú. Àgbà awo kan ti kú. Orò máa jáde ní aago márùn-ún. Kí obìnrin kankan má ṣe wà níta. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kì í ní ọjọ́, nítorí pé ikú kì í dá ọjọ́. Àwọn obìnrin kó ọjà wọn, wọ́n pe ọmọ wọn. Dàda náà kó ayùn àti òòlù rẹ̀ wọlé, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sá lọ sílé bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó rántí ẹlòmíràn.

Ó ń mu gààrí nígbà tí Hàlímọ̀ wí pé:

"Ọmọ Lánlátẹ̀ yẹn tètè lọ lónìí. Kò yà kí mi."

Dàda gbójú sókè. "Ta ni?"

"Rùkáyàt. Kì í lọ láìyà."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Dàda. "Kò tíì lọ."

"Ibo ló wà?"

"Inú yàrá."

Hàlímọ̀ dìde dúró. "Ṣé kò gbọ́ agogo ni?"

"Kò lè gbọ́ ọ," Dàda wí. "Èmi ni mo ṣe é tí kò fi lè gbọ́ ọ."

Wọ́n pe fóònù rẹ̀. Ó ti pa á; ó máa ń pa á bí ó bá ń kàwé. Wọ́n pe Ṣẹ́gunfúnmi. Ó pariwo lórí fóònù débi pé Hàlímọ̀ gbọ́ ọ níbi tó wà: "Èrúwà ni mo ṣì wà, Bàbá! Kò sí ọlọ́kadà tó máa gbé mi wọ Ìdèrè báyìí! Ẹ gbà mí, Bàbá! Ẹ gbà mí!" Wọ́n pe Àkíbù. Ó ní Ìgbó-Ọrà lòun wà.

Dàda gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa obìnrin tó bá fojú kan Orò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n dán an wò lára ọmọ òun.

"Bàbá Tàófíìk," Hàlímọ̀ wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "bó bá ṣe pé mo lè jáde ni, ẹ mọ̀ pé mi ò ní bi yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wo aago."

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù. Dàda ní kí òun kọ́kọ́ tọ̀ ná. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó dúró níbẹ̀, kò rí nǹkan tọ̀. Nígbà tó padà, Hàlímọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fi ara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ máa lọ," ló wí. "Ẹ má wo ẹ̀gbẹ́."

Láti ilé Dàda dé ilé àgbàdo, ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ ni. Ó ti kà á rí. Lọ́jọ́ náà ó kà á dé ọgọ́fà, ó gbàgbé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Kò sẹ́nì kan níta. Iná ṣì ń rú èéfín lábẹ́ ìkòkò tí wọ́n sá fi sílẹ̀. Bàtà ọmọdé kan wà láàárín ọ̀nà. Gbogbo ilẹ̀kùn ló tì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òun ló kàn wọ́n, kò sì sí èyí tó máa ṣí fún un.

Ó dé ibẹ̀. Gílóòbù tó wà lókè ilẹ̀kùn ń tàn. Ó fa ilẹ̀kùn, kò wá. Ọ̀pá ti wà nínú rẹ̀. Ó fi ìkúùkù gbá a. Ó mú òkúta, ó fi gbá a.

"Rùkáyàt! Rùkáyàt o!"

Kò sí nǹkan. Ó mọ ohun tó wà láàárín òun àti ọmọ náà, ó lè kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀kùn kan, túùbù, ilẹ̀kùn kejì, àkísà, ẹ̀rọ tó fi bo etí. Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó fi òkúta lu bíríkì tó dí fèrèsé. Eruku rẹ̀ nìkan ló bọ́ sílẹ̀. Ó padà síwájú. Ó gbé òkúta sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìgbà náà ló gbọ́ Orò láti ọ̀nà odò.

Ó rọra gbé òkúta náà sílẹ̀. Etí rẹ̀ ń hó. Inú ilé ló ti máa ń gbọ́ ohùn náà láti ọjọ́ tó ti dáyé, ilẹ̀kùn máa ń wà láàárín wọn. Báyìí kò sí nǹkan láàárín wọn. Ó ronú pé bí òun bá sáré, òun lè délé. Ó ronú pé bóyá ọmọ náà kò ní jáde títí Orò á fi kọjá. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé ṣebí ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ tí òun máa kà pọ̀. Ó ti yí ẹsẹ̀ kan sí ọ̀nà ilé.

Gílóòbù kú. Iná ìjọba ti lọ.

Dàda dúró. Inú yàrá náà kò ní fèrèsé. Kò ní fáànù, nítorí pé fáànù ń pariwo. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ báyìí wà nínú òkùnkùn biribiri àti ooru, kò sí ohun méjì tó máa ṣe ju pé kó wá ọ̀nà ìta lọ. Ó ń rò ó lọ́wọ́ ni ó gbọ́ tí ọ̀pá ìdábùú ń kúrò nídìí.

Ó gbé èjìká ti ilẹ̀kùn.

Rùkáyàt tì í, kò ṣí. Ó dúró, ó tún tì í. Dàda fi gbogbo ara tì í padà. Ní ìhà kejì, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ bí ohùn ẹni tó wà ní òdìkejì odò: "Ta nìyẹn? Ta ló ń dì í mú? Ẹ ṣí i! Ìyá mi o!" Láyé tí a wà yìí, ẹnikẹ́ni ní Ìbàràpá tí a bá di ilẹ̀kùn mọ́ lójijì, ohun kan ṣoṣo ni yóò wá sí i lọ́kàn: àwọn ajínigbé. Dàda mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ fún un pé òun ni, ṣùgbọ́n túùbù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé, kò sì gbọdọ̀ pariwo mọ́. Ọmọ náà kéré sí i, ó sì lágbára jù ú lọ. Ilẹ̀kùn sún ní ìwọ̀n èékánná. Dàda tì í padà.

Ọ̀bẹ tó fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù wà nínú àpò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì yọ ọ́, ó fi gé túùbù náà ní ẹ̀gbẹ́ férémù, ó ṣí i ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ó gbé ẹnu síbẹ̀.

"Rùkáyàt. Bàbá Tàófíìk ni."

Igbe dáwọ́ dúró. "Bàbá? Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn! Iná ti lọ! Mi ò rí nǹkan kan, mi ò lè mí!"

"Orò wà níta."

"Kí lẹ wí?"

"Orò. Ó ti kọjá afárá odò. Fi ọ̀pá sí ilẹ̀kùn padà, kí o jókòó sílẹ̀."

Ó gbọ́ tí ọ̀pá wọlé. Ó gbọ́ tí aṣọ rẹ̀ ń ha ògiri bó ṣe ń jókòó. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tó ń ka àdúrà lábẹ́ ahọ́n, ó kà á, ó gbàgbé, ó tún un kà.

"Bàbá, ẹ má lọ o."

"Mi ò lọ."

"Ẹ búra."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ? Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́."

"Ohùn yín ń gbọ̀n."

"Ilẹ̀kùn ló ń gbọ̀n," Dàda wí.

Àwọn mẹ́ta ló kọ́kọ́ yọ, àwọn tó ń ṣíwájú. Èṣùbíyìí ló wà láàárín wọn, àgbà tí irun rẹ̀ ti funfun, ẹni tí òun àti bàbá Dàda jọ ń wọ igbó. Ọ̀dọ́ méjì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, wọ́n mú pàṣán lọ́wọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Dàda ọmọ Fágbèmí ni, Bàbá."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín. "Dàda? Èyí tó máa ń bá àwọn obìnrin wọlé? Ta ló tì í síta?"

"Dákẹ́," Èṣùbíyìí wí. "Dàda, kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo ń di ilẹ̀kùn mú ni."

"A gbọ́ ohùn obìnrin."

Dàda fẹ́ purọ́. Ó wá irọ́ kan, kò rí i. Kò mọ irọ́ pa. Òótọ́ ìwọ̀n ló ti bá lò láti kékeré.

"Obìnrin kan wà nínú yàrá," ló wí. "Ó wọlé ní aago méjì ààbọ̀. Agogo dún ní aago mẹ́ta. Yàrá náà kì í gbọ́ agogo. Fèrèsé rẹ̀ ti dí. Ìta ni ilẹ̀kùn yìí ń ṣí sí, èmi sì wà nídìí rẹ̀. Kò rí nǹkan kan."

Èṣùbíyìí sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ etí rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tí túùbù ti gé. Ó dúró.

"Ihò wo nìyí?"

Omi gbóná kan ṣàn sísàlẹ̀ itan Dàda. Òun kò mọ̀ títí ó fi délé.

"Èmi ni mo gé e. Mo fi ẹnu síbẹ̀ kí n lè sọ fún un pé kó má jáde."

"Ibi tí ẹnu gbà, ojú lè gbà á."

Ọ̀dọ́ kejì wí pé: "Bàbá, ọ̀ràn ti parí nìyẹn. Ó ti wo ìta."

"Kò lè wò ó," Dàda wí. Ó yà òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun lòun ń sọ̀rọ̀. "Etí férémù ní ìpele méjì. Ínṣì kan ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Ohùn máa ń yà ní kọ̀rọ̀. Ojú kì í yà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó fúnra yín, Bàbá. Bí ẹ bá rí ju igi lọ, ẹ mú èmi."

Ohùn Orò ti sún mọ́ ọ̀dọ̀ wọn. Èṣùbíyìí di ògiri mú, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó gbé ojú sí ihò náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó yí orí, ó fi ojú kejì wò ó. Dàda ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Bàbá náà gbé ẹnu síbẹ̀. "Ọmọbìnrin. Kí lo rí?"

Ohùn Rùkáyàt jáde láti inú. "Òkùnkùn, Bàbá. Òkùnkùn nìkan ni."

Èṣùbíyìí dìde. Ó nu orúnkún rẹ̀. "Igi lásán ni mo rí," ló sọ fún àwọn ọ̀dọ́ náà. "Ọ̀nà kò sí níbẹ̀." Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó ká a, ó kì í sínú ihò náà. Ó wá kọjú sí Dàda. "Ìwọ náà kò wọ igbó. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ti dé. Kọjú sí ilẹ̀kùn. Bí o bá bojú wẹ̀yìn, Dàda, mi ò ní lè ràn ọ́ lọ́wọ́."

Dàda kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó gbé iwájú orí lé igi, ó di ojú pa. Ó gbọ́ ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ púpọ̀. Ohùn náà dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó kún gbogbo ara rẹ̀, ó wọ inú igi, igi ń gbọ̀n mọ́ ọn lórí. Atẹ́gùn kan fẹ́ sí i ní ẹ̀yìn ọrùn. Ó ń rò ó pé ọmọ náà wà nínú òkùnkùn, kò lè gbọ́ ohùn òun mọ́, bóyá ó rò pé òun ti lọ. Ó fi èékánná ha ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ha, ha, ha, bí eku. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìka pé wọ́n ń ha á padà láti inú.

Ohun tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Dàda kò rí i títí dòní.

Agogo dún ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú pé Orò ti wọlé. Dàda kúrò nídìí ilẹ̀kùn. Rùkáyàt ṣí i fúnra rẹ̀. Òógùn ti mú kí hìjáábù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ó wo ọ̀nà lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn. Dàda náà jókòó.

"Mo rò pé ẹ fẹ́ jí mi gbé ni, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Mo bú yín. Mo bú bàbá yín."

"Mi ò gbọ́ ọ. Ilẹ̀kùn náà dára."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Hàlímọ̀ ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Rùkáyàt sùn mọ́jú.

Ní òwúrọ̀, Dàda fi fìlà Èṣùbíyìí rán ènìyàn. Kò lè gbé e lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú òòlù, ó lọ sí ilé àgbàdo, ó yọ ilẹ̀kùn ìta kúrò lára férémù, ó gbé e rù. Ó ní kí Àkíbù wá fọ́ bíríkì mẹ́rin kúrò lójú fèrèsé, kí agogo lè máa wọlé. Àkíbù fọ́ wọn, kò sì pè é ní káfíńtà orí ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn àkísà nìkan ni Dàda kò fọwọ́ kàn lára ògiri.

Ṣẹ́gunfúnmi dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. "Bàbá! Yàrá ti bàjẹ́! Gbogbo ewúrẹ́ Ìdèrè ló máa wọ inú ọ̀rọ̀ wa!"

"Kí wọ́n wọ̀ ọ́," Dàda wí. "Àgbẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ. Àgbẹ̀ mọ ewúrẹ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí Rùkáyàt tó padà wá. Ó dúró níwájú yàrá, kò wọlé. Ó wo ibi tí ilẹ̀kùn ti wà tẹ́lẹ̀. Ó wo Dàda.

"Ṣé ẹ máa wà níbí, Bàbá?"

"Mo máa wà níbí."

Ó wọlé. Dàda gbé àpótí ìjókòó síta, ó jókòó. Kò tíì gbọ́ ọ kó kàwé rí. Láti inú yàrá, ohùn náà ń bọ̀ ní mímọ́, ó ń sọ bí ewé ẹ̀gẹ́ ṣe ń ká sókè bí àrùn bá ti wọ̀ ọ́, pé kí a fà á tu kí a sì sun ún, pé kí a má ṣe gé igi rẹ̀ gbìn. Dàda ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà odò.